Ethelburga, Ìyá Ilẹ̀ Barking

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther láti kékeré. Àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n wà láàárín wa mọ ìtàn Anna Hinderer, òyìnbó obìnrin tí ó bá ọkọ rẹ̀ dé sí Kúdẹtì ní ọdún 1853, tí ó kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé rẹ̀ tí ó ń kọ́ wọn ní ìwé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n bá wa tún ilẹ̀ wa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ilẹ̀ tí à ń gbé báyìí ṣe kí a tó dé ńkọ́? Ta ni í ṣe?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barking, tí ó sì ti rajà ní Vicarage Field rí, ti sún mọ́ ilé obìnrin yìí ju bí ó ti rò lọ. Orúkọ Vicarage Field fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí pápá ilé àlùfáà. Bí a bá rìn díẹ̀ kọjá ibẹ̀ lọ sí apá odò Roding, a ó rí pápá koríko kan tí àwọn ògiri òkúta tí kò ga ju orúnkún lọ wà lórí rẹ̀, àti ilé ìṣọ́ kan tí ó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret. Àwọn ọmọdé máa ń sáré lórí ògiri wọ̀nyí, àwọn àgbà sì máa ń jókòó síbẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ ni ilé Ethelburga wà. Ó ti lé ní 1,300 ọdún tí ó ti sùn nínú Olúwa.

AYÉ ÌGBÀ NÁÀ

Ní ọ̀rúndún keje lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì di ìlú kan ṣoṣo. Bí Aláàfin ti wà lọ́tọ̀ tí Awùjalẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ ní ilẹ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ọba Kent wà lọ́tọ̀, tí ọba Mercia wà lọ́tọ̀, tí ọba Northumbria náà wà láàyè tirẹ̀. Barking àti Lọ́ńdọ̀nù wà lábẹ́ àwọn ọba East Saxons, àwọn tí a fi orúkọ wọn pe Essex títí di òní.

Ìgbàgbọ́ kò tíì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 604 ni wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n nígbà tí ọba tí ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ wàjà, àwọn ọmọ ọba náà lé e jáde kúrò ní ìlú. Ní ọdún 664, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kan jà ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ọba méjì ni ó ń ṣàkóso East Saxons nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn, Sighere, pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, rò pé àwọn òrìṣà àtijọ́ ni ó ń bínú, wọ́n sì tún ilé òrìṣà kọ́. Èkejì, Sebbi, dúró gbọn-in nínú ìgbàgbọ́. Bíṣọ́ọ̀bù kan láti Mercia ni ó wá rìn káàkiri ilẹ̀ náà títí ó fi dá àwọn tí ó ṣáko padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí nǹkan ti rí ní ilé wa nígbà tí àìsàn bá le, tí a sì jí lọ sí ibi tí kò yẹ kí a lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó yẹ kí inú wa dùn sí. Ní ọdún 669 ni Theodore dé láti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. Ará Tásù ni, ìlú àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù. Ẹni tí Póòpù kọ́kọ́ fẹ́ rán ni Hadrian, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Hadrian kọ oyè náà, ó sì dábàá Theodore. Òun fúnra rẹ̀ wá bá Theodore ṣiṣẹ́, ó sì di olórí ilé ẹ̀kọ́ ńlá ní Canterbury. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni àlejò láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú ọmọ Áfíríkà láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí bá ìjọ ilẹ̀ yìí ṣiṣẹ́.

ILÉ TÍ A KỌ́ FÚN UN

Ethelburga ní arákùnrin kan tí ń jẹ́ Erkenwald. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ọmọ ọba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Bede, mọ́ńkì ilẹ̀ Northumbria tí ó parí ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 731, tí ó sì rí ìwé tí àwọn ará ilé Barking fúnra wọn kọ, kò sọ̀rọ̀ ìdílé wọn rárá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì lójú rẹ̀ ni pé ìwà arábìnrin náà yẹ ẹni tí ó jẹ́ arábìnrin irú bíṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Ìwà ni Bede fi ṣe oríkì rẹ̀.

Kí Erkenwald tó di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 675, ó ti kọ́ ilé ìsìn méjì. Ó kọ́ ọ̀kan fún ara rẹ̀ sí Chertsey, lẹ́bàá odò Thames ní Surrey. Èkejì ni ó kọ́ sí Barking fún Ethelburga. Ọdún 666 ni àwọn ará Barking máa ń kà sí ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀. Bede sọ ìdí tí a fi kọ́ ọ: kí Ethelburga lè jẹ́ ìyá àti alágbàtọ́ fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti fi ara wọn jì fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ méjèèjì náà. Ìyá a máa bí, alágbàtọ́ a máa tọ́. Àwa tí a ń jẹun nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó sórí àga olórí ni ó lè tọ́ ènìyàn.

Kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó wà nínú ilé náà. Ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn àlùfáà àti àwọn arákùnrin tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n abẹ́ Ethelburga ni gbogbo wọn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Whitby ní òkè àríwá, níbi tí Hilda, tí ó kú ní ọdún 680, ti ṣe olórí ọkùnrin àti obìnrin, tí àwọn ọba àti bíṣọ́ọ̀bù sì pàdé nínú ilé rẹ̀ ní ọdún 664 láti pinnu ọjọ́ tí a ó máa ṣe Àjíǹde. Ẹnu kò yà wọ́n nígbà náà pé obìnrin ni olórí. Ọ̀rọ̀ tí à ń jà lé lórí lónìí, wọ́n ti gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìgbà tiwọn.

Láti jẹun, ilé náà nílò ilẹ̀. Ẹnìkan tí ń jẹ́ Hodilred, ìbátan ọba Sebbi, fún Ethelburga ní ilẹ̀ púpọ̀, ó sì fi ìwé tì í lẹ́yìn. Ìwé náà ṣì wà ní ilé ìkàwé ńlá British Library ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, ó sì wà lára àwọn ìwé ilẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ Dagenham ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará tí ẹ ń gbé ní Dagenham, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé dárúkọ àdúgbò yín, orúkọ obìnrin kan ni a kọ ọ́ mọ́, nítorí pé òun ni a fi ilẹ̀ náà fún.

ÌBÉÈRÈ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ DÁHÙN

Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn dé ilé Barking. Apá ibi tí àwọn ọkùnrin ń gbé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé òkú jáde. Kò sí òògùn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí àrùn náà gbà ń ràn. Ohun tí wọ́n ní kò ju omi, aṣọ, àdúrà àti ọwọ́ ẹni tí kò sá.

Ethelburga wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí yóò fi kan apá àwọn obìnrin. Ó pe àwọn arábìnrin jọ, ó sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń fẹ́ kí a sin wọ́n sí bí ikú bá dé, kí a lè ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀. Wọn kò rí èsì kan pàtó fún un. Ó tún béèrè. Ó béèrè lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ kò rí ìdáhùn.

A kò gbọdọ̀ yára kọjá ibí yìí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti fi ayé sílẹ̀ nítorí ọ̀run. Àdúrà ikú rere wà lẹ́nu wọn tọ̀sán tòru. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá wọn béèrè ibi tí ibojì wọn yóò wà, ẹnu wọn wọ́. Ẹ̀rù ni, ìtìjú ni, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rò pé bí ẹnu kò bá kan ikú, ikú náà kò ní í kan àwọn. Àwa Yorùbá mọ ìwà yìí dáadáa. Bí ọmọ bá bi bàbá rẹ̀ léèrè ibi tí ó fẹ́ kí a sin òun sí, ilé yóò gbóná. Wọn yóò ní ọmọ náà ń wá ogún, tàbí pé ó ń fẹ́ kí àgbà tètè kú.

Ìyá náà kò bínú, kò sì dákẹ́. Olórí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa béèrè ìbéèrè tí kò dùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

ÌMỌ́LẸ̀ NÍ ÒRU

Ní òru ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ sáàmù òru tán nínú ilé àdúrà, àwọn arábìnrin jáde lọ sí ibi tí a sin àwọn arákùnrin tí wọ́n ti kú sí. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń kọrin ìyìn sí Olúwa. Lójijì ni ìmọ́lẹ̀ kan ti ọ̀run wá, bí aṣọ ńlá tí a tẹ́, ó bo gbogbo wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí orin fi já lẹ́nu wọn. Ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ ju oòrùn ọ̀sán gangan lọ. Ó dìde kúrò lórí wọn, ó lọ sí apá gúúsù ilé náà, ní ìwọ̀ oòrùn ilé àdúrà, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gòkè padà lọ lójú gbogbo wọn. Arákùnrin àgbàlagbà kan wà nínú ilé àdúrà ní òru náà pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jẹ́rìí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ihò ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọlé ju ti ọ̀sán lọ.

Gbogbo wọn gbà pé Olúwa ti fi ibi ìsinmi wọn hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jiyàn nípa ìmọ́lẹ̀ náà. Àwa ń sọ ọ́ bí Bede ti sọ ọ́, ẹni tí ó ní ìwé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ibi tí wọ́n wà nígbà tí ìdáhùn dé. Wọn kò sùn, wọn kò sì sá. Ẹ̀gbẹ́ ibojì àwọn ará wọn ni wọ́n wà, tí wọ́n ń kọrin.

ÀWỌN TÍ Ó TỌ́

Ọmọdékùnrin kan wà nínú ilé náà tí ń jẹ́ Aesica. Kò ju ọmọ ọdún 3 lọ, ọwọ́ àwọn arábìnrin sì ni ó ti ń dàgbà. Àrùn náà mú un. Bí ó ti fẹ́ gbẹ́mìí mì, ó pe orúkọ ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin náà, Edith, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Níbi tí Edith wà ni àrùn ti kọlù ú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ó sì tẹ̀ lé ọmọ náà lọ. Àwọn ìgbàanì rí ìpè Ọlọ́run nínú èyí. Àwa tí a ti tọ́jú ọmọ tí ń kú rí nǹkan mìíràn mọ́ ọn: ọmọ tí kò ní ìyá nítòsí pe ẹni tí ó ń fún un ní oúnjẹ, ẹni tí ń pa á lẹ́kún lóru. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ tí àrùn wà lára rẹ̀ mọ́ àyà ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Bí ìyá ilé ti rí ni àwọn ọmọ ilé rí.

Arábìnrin mìíràn wà tí ó ń kú lọ ní ọ̀gànjọ́ òru. Ó bẹ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí wọ́n pa fìtílà, nítorí pé lójú rẹ̀ ilé ti kún fún ìmọ́lẹ̀ tí ó mú kí fìtílà náà dà bí òkùnkùn. Wọ́n rò pé ó ń sọ ìsọkúsọ, wọn kò pa á. Ó ní kí wọ́n máa tàn án bí ó ti wù wọ́n, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ òun yóò dé ní ìdájí. Ní ìdájí ni ó sì lọ.

Ẹni tí ó ń ran Ethelburga lọ́wọ́ jù lọ ni Tortgyth. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin, tí ó sì ń bá wọn wí nígbà tí ó bá yẹ. Àìsàn líle kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọdún 9. Síbẹ̀ kò sí ibi tí a ti kà pé wọ́n tì í sí ẹ̀yìn nítorí pé ara rẹ̀ kò le mọ́.

ÌPAPÒDÀ RẸ̀

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Tortgyth jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀, ó sì rí ìran kan. Ó rí ohun tí ó dà bí ara ènìyàn, tí a fi aṣọ funfun dì, tí ó ń dán ju oòrùn lọ. A ń fà á gòkè láti ilé tí àwọn arábìnrin ń sùn sí. Nígbà tí ó wò ó dáadáa, ó rí i pé okùn tí ó dán ju wúrà lọ ni a fi ń fà á, títí ọ̀run fi ṣí tí ó sì gbà á wọlé. Ó yé e pé ẹnìkan láàárín wọn kò ní pẹ́ kú, àti pé iṣẹ́ rere ẹni náà ni yóò dà bí okùn wúrà tí yóò fà á gòkè. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ethelburga jáde láyé.

Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, arábìnrin ọlọ́lá kan tí àrùn ẹ̀gbà ti sọ di aláìlèrìn ní kí wọ́n gbé òun lọ síwájú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ba bí ẹni tí ń gbàdúrà, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀ kúrò nínú ìyà ara. Lẹ́yìn ọjọ́ 12, ó sinmi. Tortgyth fúnra rẹ̀ lo ọdún 3 sí i lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ó gbẹ títí ó fi ku egungun, ohùn rẹ̀ sì lọ fún ọjọ́ 3. Lójijì ó la ojú, ohùn rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá Ethelburga sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan àti òru kan, ó tẹ̀ lé e.

ÌWÉ, WÚRÀ ÀTI DÍGÍ

Hildelith ni ó jẹ olórí lẹ́yìn Ethelburga, ó sì gbó nínú iṣẹ́ náà. Nítorí pé àyè kò gbà wọ́n, ó kó egungun gbogbo àwọn ará tí wọ́n ti sùn, ọkùnrin àti obìnrin, ó sin wọ́n pọ̀ sí ojú kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi orúkọ Maria ìyá Olúwa pè. Bí wọ́n ti jọ gbé ni wọ́n jọ sinmi.

Ẹ̀kọ́ ìwé kò kéré nínú ilé náà. Aldhelm, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ga jù lọ ní ìgbà náà, kọ odindi ìwé kan ní èdè Látìn fún Hildelith àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Látìn náà le koko, síbẹ̀ ó mọ̀ pé wọn yóò kà á. Ó yìn wọ́n nítorí bí wọ́n ti ń ka Ìwé Mímọ́, ìtàn àti gírámà, ó sì fi wọ́n wé oyin tí ń kó adùn jọ láti ara òdòdó káàkiri. Èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọba púpọ̀ kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n rí kálàmù tí a fi ń kọ̀wé sórí ìda, wọ́n rí òòyà, wọ́n rí fọ́nrán wúrà tí a hun mọ́ aṣọ, wọ́n sì rí àmì pé a ti ṣe dígí níbẹ̀. Nínú ilé ìṣọ́ tí ó kù pẹ̀lú, àwòrán Jésù lórí àgbélébùú wà tí a gbẹ́ sára òkúta ní ọ̀rúndún kejìlá. Ilé àdúrà ni, ilé ìwé ni, ilé iṣẹ́ ọnà sì ni.

ÌYÁ TÍ ỌBA BỌ̀WỌ̀ FÚN

Ohun tí Ethelburga gbìn kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ajagun láti òkè òkun ba ilé náà jẹ́ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ṣùgbọ́n a tún un kọ́. Lẹ́yìn tí a dé William Aṣẹ́gun ládé ní ọdún 1066, Barking ni ó wá dúró sí nígbà tí wọ́n ń mọ odi Lọ́ńdọ̀nù fún un. Obìnrin tí ó bá jẹ olórí ilé yìí wà ní ipò ìjòyè ńlá: ọwọ́ ọba gan-an ni ó ti gba ilẹ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pèsè àwọn ológun nígbà tí ọba bá ń lọ sójú ogun. Àwọn olorì bíi Matilda, aya ọba Henry Kìíní, ṣe àkóso rẹ̀. Ní ọdún 1170, àwọn ìránṣẹ́ ọba Henry Kejì pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1173, ọba kan náà fi Mary, arábìnrin Becket, jẹ olórí Barking, kí ó lè fi tù ú nínú.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1539, ọba Henry Kẹjọ gba ilé náà. Dorothy Barley ni olórí ìkẹyìn. Òun àti nǹkan bí 30 arábìnrin fi ilé sílẹ̀. Ní ọdún 1541 a bẹ̀rẹ̀ sí wó o, a sì kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé mìíràn. Ilé tí ó ti wà fún ohun tí ó lé ní 800 ọdún di pápá koríko. Ilé ìṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ìpìlẹ̀ ògiri ni ó kù fún wa.

Síbẹ̀ orúkọ ìyá náà kò parẹ́. Ní Bishopsgate, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Iná ńlá ọdún 1666 kò jó o. Bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun IRA wó o ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1993. A tún un kọ́, a sì ṣí i ní ọdún 2002 gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń parí ìjà láàárín àwọn ènìyàn.

ÌDÍ TÍ A FI SỌ ÌTÀN YÌÍ

Ẹ̀yin ará, nǹkan méjì ni a fẹ́ kí ó kù lọ́kàn wa.

Èkíní ni ti ibojì. Púpọ̀ nínú wa wá sí ilẹ̀ yìí pé ọdún márùn-ún péré ni a ó lò. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá. Àwọn òbí wa ń dàgbà níhìn-ín, àwa náà sì ń hu ewú. A ti rí i lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́bàá ibùsùn, bí ọmọ ìyá kan náà ti ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan ní a ó gbé bàbá lọ sílé, ọ̀kan ní kò sí owó, ọ̀kan kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá tí ó yẹ kí ó dá ẹjọ́ náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé, tí ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú dí, àwọn kan tí wọ́n ti ní in lọ́kàn pé ilé ni a ó gbé àwọn lọ sùn sí ilẹ̀ yìí, ènìyàn díẹ̀ ni ó sì lè sin wọ́n. Jákọ́bù àti Jósẹ́fù kú sí Íjíbítì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí a gbé wọn lọ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu wọn. Mósè ní tirẹ̀ sùn sí ilẹ̀ Móábù, kò sì dí ògo rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sílé, kí ó sọ ọ́, kí ó sì fi owó rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí ó bá fara mọ́ ilẹ̀ yìí, kí ó sọ ọ́, kí àwọn ọmọ má bàa ru ẹ̀bi. Gbogbo ilẹ̀ ni ti Olúwa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á máa dúró de ìmọ́lẹ̀ òru. Ethelburga béèrè kí ìmọ́lẹ̀ tó dé.

Èkejì ni ti àwọn obìnrin. Nínú ìjọ wa, obìnrin ni ó ń gbá ilẹ̀, obìnrin ni ó ń se oúnjẹ ìkórè, obìnrin ni ó ń bẹ aláìsàn wò. Nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀ ìpinnu, àwọn kan á ní kí wọ́n lọ jókòó. Ní ọdún 1994 ni Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi obìnrin jẹ àlùfáà, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní àṣà tuntun. Ní ọdún 2018, àga bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, àga tí Erkenwald jókòó lé, bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan, Sarah Mullally, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó di àlùfáà. Kì í ṣe ohun tuntun. Lórí ilẹ̀ Barking níbí, ọkùnrin àti obìnrin ti gba àṣẹ lẹ́nu ìyá kan, ilé Ọlọ́run kò sì wó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin wa tí ẹ ní ẹ̀bùn ìwé kíkà, orin àti ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wọn láyè.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ni Ìjọ máa ń rántí Ethelburga. Bí ọjọ́ náà bá pé, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sórí pápá yẹn. Ẹ fi ògiri hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń ṣeré lé, pé ìyá kan wà níbẹ̀ rí tí ó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí kò sì sá fún aláìsàn.

Kí Olúwa jẹ́ kí okùn iṣẹ́ rere tiwa náà má ṣe já. Àmín.